Ẹni tí Yóò San Owó Iṣẹ́ Abẹ Bámigbóyè

Bámigbóyè Afọláyan, àgbẹ̀ kòkó ní Èmùré-Èkìtì, kì í gba ọ̀fẹ́. Bí aládùúgbò bá fún un ní ọsàn, yóò kọ́kọ́ yí i wò bóyá ó ti ń rà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Oko rẹ̀ mọ́, kì í sì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kàn gbà pé ohun tó bá dé láìnídìí, ìdí rẹ̀ ń bẹ níbì kan tí a kò tíì rí.

Ó ti pẹ́ tí ìpá ti ń bá a fínra. Ọ̀já ló fi ń dì í mọ́ra lábẹ́ ṣòkòtò lọ sóko. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, bí kòkó ṣe ń pọ́n, ìfun rẹ̀ yọ síbẹ̀, ó sì pẹ́ kí ó tó padà sáyè rẹ̀. Dókítà kìlọ̀ fún un pé bí ó bá tún há, ó lè pa á. Àfi kí wọ́n tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Bámigbóyè béèrè iye rẹ̀. Nígbà tó gbọ́, ó dìde, ó kí dókítà, ó sì lọ sílé. Gbogbo kòkó oko rẹ̀ lọ́dún yẹn kò lè tó o.

Morákinyọ̀, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà ní Ìkẹ́rẹ́, gbọ́, ó sì wá lọ́jọ́ Sátidé.

"Bọ̀dá mi, ẹ múra. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ti yá mi lówó."

Bámigbóyè wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Kí lo fẹ́ gbà?"

"N ò gba nǹkan kan."

"Gba oko ẹ̀bá odò ní ìdógò. Máa ká kòkó ibẹ̀ títí n óò fi san owó rẹ tán." Bí àwọn baba wọn ti ń ṣe é nìyẹn.

"N ò fẹ́ oko, Bọ̀dá mi."

"Ẹni tó bá ní kí n fi oko dógò, mo mọ ohun tó ń wò. Ìwọ tí o ò fẹ́ nǹkan kan, ṣé ulé yìí lo ń wò ni?"

Fúnkẹ́, ìyàwó rẹ̀, gbé orí sókè níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. "Bàbá Ẹniọlá, ẹ jọ̀ọ́. Àbúrò yín ni, kì í ṣe gbájúẹ̀."

"Gbájúẹ̀ náà ní ẹ̀gbọ́n."

Morákinyọ̀ búra. Ó dárúkọ ìyá wọn. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sún àga sẹ́yìn. Nígbà tó yá, inú bí Morákinyọ̀, ó dìde.

"Ó dáa! Bí ẹ bá kú, ta ni ẹbí máa ní kó ra màálù? Èmi tí mò ń gba owó oṣù ni! Wọ́n á ní kí n kun ilé, kí n gba kánópì, kí n bọ́ gbogbo Èmùré. Owó iṣẹ́ abẹ yín ò tó ìdajì rẹ̀. Kí ẹ wà láàyè ló rọ̀ mí lọ́rùn jù!"

Fúnkẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Bámigbóyè rẹ́rìn-ín títí ó fi di abẹ́ ikùn rẹ̀ mú.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Kí ló dé tí o ò tètè sọ bẹ́ẹ̀? Ìyá Ẹniọlá, bá mi kó aṣọ."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó sì yọrí sí rere. Bí ojú Bámigbóyè ṣe là, Fúnkẹ́ bẹ̀rẹ̀ orin ọpẹ́. Ọkọ rẹ̀ gbọ́wọ́ sókè pé kí ó dákẹ́, ó wá yí ojú sí àbúrò rẹ̀.

"Màálù mélòó lo ṣírò fún mi?"

"Ẹyọ kan, Bọ̀dá mi."

"Ẹyọ kan péré? Èmi?"