Ewé Kẹta Nínú Ìsọ̀yè Ìyá Mi

Kí ẹnikẹ́ni má wí fún yín pé wọ́n sọ ọ́ fún mi ni. Ojú mi méjèèjì ló rí i ní Ajídò, láàárọ̀ ọjọ́ tí èéfín ẹja ìyá mi ń bá òórùn ewé tó ń hó nínú ìkòkò ṣeré. Ìwé kẹta ni mo kà dé, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í bọ́ lórí mi. Ìsọ̀yè ìyá mi ni mo mu dàgbà.

Ọkọ̀ kan gbé obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà wá láti yunifásítì, òun àti àgò eku funfun. Ó fi pákó la ọ̀nà wọ́gọwọ̀gọ sílẹ̀ ní kíláàsì wa, ó fi ẹ̀pà sí ìpẹ̀kun rẹ̀. Ó ní àwọn eku máa mu omi ewé ìyá mi; bí wọ́n bá rántí ọ̀nà ẹ̀pà lọ́jọ́ kejì, a jẹ́ pé ewé náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbọ́ ná, eku tí kò wọ iléèwé rí ló fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí wa.

Ìyá mi bi í pé, "Ọmọ mi, tí ẹ bá kọ ọ́ síwèé tán, orúkọ ta lẹ máa kọ sí i?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ ná."

Ẹ̀rín yẹn kọ ìyá mi lóminú. Ó máa ń wí pé apẹja kì í fi ibi tó dẹ àwọ̀n sí han àlejò. Nílé wa, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń fúnni ní ìsọ̀yè. Ewé mẹ́ta ni. Méjì ni wọ́n kọ́kọ́ ń fúnni. Ẹni tó bá padà wá wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kò jẹ́, òun ni wọ́n ń fún ní ẹ̀kẹta. Ìyá mi fún Dókítà ní méjì. Èmi gan-an ni mo já wọn. Ẹ̀kẹta, ìyá mi nìkan ló ń já a.

Àwọn eku kàn ń sáré kiri bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Dókítà kọ ọ́ síwèé pé ewé lásán ni, ó kó àgò rẹ̀ lọ. Títí òjò fi dá ni ìyá mi ń bi àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń ti Àràdàgún bọ̀ bóyá wọ́n rí i. Kò padà wá. Mo ṣì ń fura sí i: ta ló mọ ohun tó fi méjì wa ṣe?

Èmi tí mo ti mọ méjì, kí n kàn padà lọ béèrè ló kù. Ṣùgbọ́n orí mi pé, kí ni mo tún ń tọrọ? Ọdún tó kọjá, tí ìyá mi ti darúgbó, ni mo tó lọ béèrè ẹ̀kẹta. Ìyá mi wò mí títí.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ló wí. "Ọmọ ta lẹ jẹ́?"

Ọmọ tó ń já ewé nígbà yẹn sàn jù mí lọ; ìyá rẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ewé mẹ́ta ni, ọ̀kan ti lọ. Ọmọ mẹ́rin ló bí, kò mọ ẹyọ kan nínú wa mọ́.