Kọfí Ó-Dàbọ̀ ti Poliksena

Ohun tí Poliksena kórìíra jù láyé ni kí ènìyàn sùn sílùú fún ọjọ́ méjì, kó wá ní òun ti mọ ìlú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń gba irú wọn sílé ní àdúgbò òkè Varosh, nílùú Ohrid, nínú ilé alájà mẹ́ta tí àjà òkè rẹ̀ yọ sórí òpópónà bí àgbàlagbà tó ń yọjú wo ẹni tó ń kọjá. Láti ojú fèrèsé yàrá méjèèjì tó ń yá wọn, wọ́n ń rí adágún gbalaja, wọ́n á sì figbe ta. Ará Jámánì á kígbe, ará Faransé á kígbe, àwọn tó wá láti Skopje, olú ìlú wa níbí, pàápàá á kígbe, àfi bí ẹni pé Poliksena ló gbẹ́ adágún ọ̀hún lánàá nítorí tiwọn.

Ìwé àlejò máa ń wà lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú bírò tó fi okùn so mọ́ ọn, nítorí wọ́n ti jí mẹ́rin lọ. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ bí wọ́n ṣe rí ìlú sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, Efka aládùúgbò rẹ̀, tó fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ní Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì nílé ẹ̀kọ́, á wá kà á fún un. Ìyẹn ni fàájì wọn.

"Gbọ́ èyí, Ìyá Naum," Efka á ní. "Ọkùnrin yìí ní wákàtí méjì lòun fi wo gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ìlú yìí tán."

"Ṣé ẹsẹ̀ ẹṣin ló ní ni? Èmi tí wọ́n bí síbí, n kò tíì wò wọ́n tán."

"Ìyá yìí ní ejò wà nínú adágún, kò sì sẹ́ni tó kìlọ̀ fún òun."

"Ejò tí kò bu ẹnikẹ́ni jẹ rí! Ejò ló yẹ kó wá fẹjọ́ sùn. Ṣé ìwọ rí aṣọ ìwẹ̀ tí ìyá yẹn wọ̀?"

Obìnrin kan láti Holland tilẹ̀ pe panápaná wá sí òpópónà lóṣù Kẹsàn-án, nítorí èéfín. Ata ni gbogbo ilé ń sun, ata tí wọ́n á lọ̀, tí wọ́n á sè sínú ìgò de ìgbà òtútù. Àwọn panápaná dé, wọ́n rí ata, wọ́n jókòó, wọ́n jẹ ẹ́. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Ó tún wá kan ti oúnjẹ. Bí àlejò bá wọlé, ọ̀pọ̀tọ́ tútù tí a fi ṣúgà sè la máa ń gbé kalẹ̀, pẹ̀lú ife omi. Ṣíbí kan péré lèèyàn ń jẹ níbẹ̀. Á mumi sí i, á fi ṣíbí sínú ife, ó parí. Àwọn onítiwọn á fa abọ́ mọ́ra, wọ́n á fá a títí á fi máa dán. Ti kọfí ló wá burú jù. Kọfí àkọ́kọ́ ni ti káàbọ̀, èkejì ni ti ọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta, tí kò ní omi lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò ní ohun dídùn kankan, tí kò sì kún ife, òun ni kọfí ó-dàbọ̀. Bí wọ́n bá gbé e síwájú rẹ, wá bàtà rẹ. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ a di odidi, nítorí náà kò sí ọmọ Ohrid tó máa mu ún tán kó tún gbé ìdí jókòó. Ṣùgbọ́n tọkọtaya kan láti Belgium mu ún nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ìyá onílé fẹ́ràn àwọn débi pé kì í fẹ́ káwọn dìde. Ọjọ́ tí Efka ka ìyẹn, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Bí ayé Poliksena ṣe ń lọ nìyẹn, ẹ̀gàn lọ́sàn-án, ìtọ́jú yàrá láàárọ̀, títí Naum ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo fi ti Sweden dé lópin oṣù Kẹsàn-án.

Ọdún mẹ́rìnlá ló ti lọ. Nígbà tí Sotir bàbá rẹ̀ kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, orí fóònù ló ti wo ìsìnkú. Ìyàwó rẹ̀ Ulrika, tó ga bí ọ̀pẹ, ló tẹ̀ lé e wọlé. Poliksena ti ń sè, ó ti ń gún, ó ti ń nu ilé láti ọjọ́ méje ṣáájú. Naum dì mọ́ ọn, ó gbé àpò kalẹ̀, ó sáré lọ sójú fèrèsé.

"Wò ó, Ulrika! Wo omi! Yéè!"

Ara Poliksena bù máṣọ. Igbe yẹn gan-an ni.

Ó gbé ọ̀pọ̀tọ́ kalẹ̀ fún wọn. Naum ń sọ̀rọ̀, ó ń jẹ, ó ń jẹ, ó sì fá abọ́. Ulrika wo ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ dáadáa kó tó mú ṣíbí tirẹ̀. "Ìyẹn náà ń ṣọ́ mi," Poliksena rò, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i. Obìnrin tó ti gbé ọmọ òun sá lọ, kí ni kò lè ṣe?

Fún ọjọ́ mẹ́ta, Naum ń rìn káàkiri pẹ̀lú fóònù níwájú bí ẹni tó ń fi àtùpà wá ọ̀nà. Ó lọ ya fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì Kaneo lẹ́ẹ̀mejì. Ó jẹun létí omi, ó ń yangàn pé ẹja adágún lòun jẹ, bẹ́ẹ̀ ọmọdé ìlú yìí mọ̀ pé òfin ti ka pípa ẹja ọ̀hún léèwọ̀ nígbà náà, pé ẹja ọ̀sìn láti ibòmíràn ni wọ́n dín fún un. Kò débi sàréè bàbá rẹ̀. Ó dun Poliksena. Ó dùn ún débi pé kò lè sọ ọ́ fún Efka pàápàá. Ulrika ní tirẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri lọ́dọ̀ Efka látàárọ̀, ó ń bá a bó ata sísun, ó ń béèrè kí ni wọ́n ń pe tibí, kí ni wọ́n ń ṣe tọ̀hún. Naum ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Kí lo fẹ́ fi èdè àwa ará oko ṣe nílé wa ní Gothenburg?"

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ló tó sọ ohun tó bá wá. Ó fẹ́ kí ìyá òun buwọ́ lùwé ilé fún òun níwájú lọ́yà ní ọjọ́ Ajé. Òun á wó àjà òkè, òun á kọ́ yàrá mẹ́fà síbẹ̀, kálukú pẹ̀lú balùwẹ̀ tirẹ̀. Ìyá á kó lọ sí ilé tuntun lẹ́bàá ibùdókọ̀, níbi tí ẹ̀rọ ti ń gbéni ròkè.

"Ẹ ò ní gun àtẹ̀gùn mọ́, Màámi."

Poliksena ní òun gbọ́. Òun àti ọkàn ara rẹ̀ ló jọ sọ ìyókù. Ta ni yóò jogún ilé bí kò ṣe Naum? Bó bá jẹ́ ọmọ ilé ló ń béèrè, òun á buwọ́ lù ú, òun á kó lọ sí ẹ̀bá ibùdókọ̀ láìjanpata. Ṣùgbọ́n kò tíì dá a lójú pé ọmọ ilé ló ń bá òun sọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, Efka dé bí ìṣe rẹ̀, ó ṣí ìwé àlejò, ó sì tì í sọ́dọ̀ Poliksena.

"Kà á," ni Poliksena wí.

"Èyí kò nílò èmi, Ìyá Naum. Èdè wa ni."

Poliksena gbé awò ojú wọ̀. Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà. Òun ló di ọwọ́ Naum mú kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀. Ohun tó kọ ni pé, "Ibẹ̀ dùn ún wò. Omi gbígbóná kò tó. Onílé lọ́yàyà."

Lónìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú àwọn méjèèjì. Efka ní òun gbé ata kaná, ó sì lọ sílé.

Ní agogo mẹ́rin, Naum tẹ́ àwòrán ilé sórí tábìlì, ó to ìwé lọ́yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti mu kọfí méjì.

"Àpárá ni mo ń dá, Màámi," ló ní nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í nípa ìwé àlejò. "Ẹ wo ibí. Àwọn àlejò fẹ́ràn ilé ayé àtijọ́. A máa fi igi méjì sílẹ̀ kó lè jọ ti àtijọ́."

Poliksena dìde, ó lọ sí ilé ìdáná. Kò gbé ọ̀pọ̀tọ́. Kò bu omi. Ó se kọfí, ó dà á dé ìdajì ife, ó sì gbé tíréè wá. Ó gbé e síwájú Naum, ó gbé e síwájú Ulrika, ó padà síbi ìjókòó rẹ̀, ó ń wo ojú ọmọ rẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bojú wo tíréè yẹn. Kó bínú. Kó ní, "Màámi, ṣé ẹ̀ ń lé mi ni?" Kó ṣáà mọ̀ ọ́n.

Naum gbé e mu, ó pọ́n ètè lá.

"Áà! Kò sí irú kọfí yìí ní gbogbo Yúróòpù. Màámi, ẹ tún fún mi ní ọ̀kan sí i."

Ulrika kò tíì fọwọ́ kan tirẹ̀. Ó wo tíréè, ó wá omi, kò rí omi. Ojú rẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ó gbé ife náà, ó mu ún lẹ́ẹ̀kan náà, ó dìde dúró, ó sì ń ká àwòrán ilé.

"Naum, dìde. Wọ́n ní ká máa lọ."

"Ta ló ní ká máa lọ? Jókòó jàre."

"Ìyá ní." Ó ń wá ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kọfí yìí. Ìyáàfin Efka kọ́ mi. Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá. Ẹ má bínú."

Naum rẹ́rìn-ín, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. Poliksena ti wọ ilé ìdáná lọ. Abọ́ ọ̀pọ̀tọ́ àti ife omi kan ló gbé padà, ó sì gbé e síwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ jókòó, ọmọ mi. Ìwọ kọ́ ni mo ní kó máa lọ."

"Màámi, nítorí kọfí?" ni Naum wí.

"Ó wà nínú ìwé mi pé omi gbígbóná kò tó. Ìtura wà lẹ́bàá ibùdókọ̀, ẹ̀rọ á gbé ọ ròkè. Kó ìwé lọ́yà rẹ. Bó o bá délé Efka, bi í pé kí lo mu."

Naum wọ bàtà. Ó dúró ní òpópónà nínú èéfín ata, kò mọ ọ̀nà tó máa gbà. Nígbà tó yá, ó fa fóònù yọ, ó gbé e sókè, ó sì ya fọ́tò ilé náà, àti ìyá rẹ̀ lójú fèrèsé. Poliksena pa fèrèsé dé.

Ulrika jẹ ṣíbí kan, ó mumi sí i, ó fi ṣíbí sínú ife. Ó kó àwọn ife kọfí jọ sórí tíréè, ó ní òun á lọ fọ̀ wọ́n.

"Fọ àwọn yòókù," ni Poliksena wí. "Fi ti Naum sílẹ̀ sórí tábìlì, dìgbà tó bá mọ ohun tó mu."