Ọ̀nà Mẹ́ta fún Ọmọ Faransé ní Ọ̀kà

Ilé-ìwé girama kan ní Ìkàrẹ́ ni mo ti ń kọ́ èdè Faransé nígbà náà. Èdè yẹn wúlò fún wa púpọ̀. Ẹni tó bá lọ ra iṣu ní Ifíra, tí kò fẹ́ kí oníṣu gbọ́ ohun tó ń rò, á rí i fi bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan, òyìnbó Faransé tó jẹ́ ẹnjiníà níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀nà l'Ọ́kà wá bá mi, òun àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọkùnrin náà ṣàlàyé fún mi pé ìjọba àwọn kì í gbàgbé ọmọ Faransé, ibi yòówù tí ì báà wà láyé. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún un láti kàwé. Èkíní ni ilé-ìwé Faransé tó wà l'Ékòó, èyí tó dára gan-an, bí ọmọ bá lè máa ti Ọ̀kà lọ kí ó sì máa padà lójoojúmọ́. Èkejì ni kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ìyá-ìyá rẹ̀ nílẹ̀ Faransé, obìnrin tí kò fẹ́ràn ariwo, tí kò fẹ́ràn ọmọdé, tí kò sì fẹ́ràn ẹnjiníà. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ nínú àpò ìwé: ọmọ á ṣe iṣẹ́ nílé, tíṣà tí kò rí i rí á máàkì í láti òkè òkun.

Ẹ̀kẹta ni wọ́n mú. Èmi ni wọ́n ní kí n máa wá jókòó tì í lọ́sàn-án.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fi ojúlówó Faransé mi kí ọmọ náà. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó ní èdè wo ni mò ń sọ. Ìyá wúkọ́, ó ní Faransé ni.

“Faransé ibo?” ni ọmọ béèrè.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ní kí n gbájú mọ́ ìṣirò.

Àwọn àpò ìwé náà máa ń yára dé Èkó. Láti Èkó dé Ọ̀kà, ó jọ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Ìgbà kan wọ́n ní kí ọmọ ṣàpèjúwe ìgbà òtútù ní àdúgbò rẹ̀. Ó kọ nípa ọyẹ́: eruku, ètè tó ń là, iná inú igbó, òkété tó ń sá jáde. Iṣẹ́ náà padà dé pẹ̀lú yíǹkì pupa. Tíṣà òkè òkun ní kò dáhùn ìbéèrè, pé yìnyín dà? Ìyá rẹ̀ sunkún. Mo ní kó má bínú, a óò wá yìnyín kiri Ọ̀kà.

Kò pẹ́ tí ọmọ fi dá rìn lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí wọn ní Ìwàrò, àdúgbò kan l'Ọ́kà. Ìyáàfin tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ fi í jókòó sáàárín ọmọbìnrin méjì. Nígbà tí ìyá rẹ̀ sáré dé, ọmọ kọ̀, kò dìde. Ẹnjiníà ní ìyẹn kò sí nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ní, “Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ọmọdé mìíràn nínú?”

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kẹrin ṣe là. Kí ọdún tó yí po, ọmọ ti ń sọ ẹnu Ọ̀kà, èyí tí èmi ará Ìkàrẹ́ kì í gbọ́ ju ìdajì lọ.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé bàbá rẹ̀ lọ sí Èkó. Ìyá rẹ̀ padà wá kó ẹrù tó kù, ó sì sọ bí ó ti rí fún mi. Ilé-ìwé Faransé tó wà níbẹ̀ dán ọmọ wò. Ìṣirò rẹ̀ yá ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fún un ní ìwé Faransé, ó dìde, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó fi igbe kà á, ó ń fa ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan gùn bíi ti àwọn ọmọ Ìwàrò. Ó wá dúró kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun. Wọ́n fi kíláàsì kan dá a sẹ́yìn, kí ẹnu rẹ̀ lè mọ́.

Mo bi í bóyá ọkàn ọmọ ti balẹ̀ níbẹ̀. Ó ní ọmọ ń sunkún láràárọ̀, ó ń sọ pé kò sẹ́ni tó ń ké pe òun lójú ọ̀nà bí wọ́n ti ń ṣe ní Ìwàrò.

Mo bá a gbé àpótí sínú mọ́tò.