Àyè Mẹ́jọ Lórí Láptọ́ọ̀pù Sàlísù

Sàlísù Ajíbọ́lá jábọ́ lórí àkàbà ní ọjọ́ Àlàmísì kan, nínú ilé tuntun kan lọ́nà Ọ̀fàdà, níbi tó ti ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù kọ́ ara ògiri. Ẹ̀rọ náà kò fọ́, nítorí ó gbá a mọ́ àyà títí tó fi dé ilẹ̀. Ojúgun rẹ̀ ọ̀tún ló kán. Onílé sáré jáde, ó wo ẹ̀rọ náà tẹ̀yìn-tiwájú, ó dúpẹ́, lẹ́yìn náà ló bi Sàlísù bóyá ó lè dìde.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni Sàlísù, ẹni ọdún méjìlélógójì. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń tún fíríìjì ṣe ní Ìbàfò, tó sì ń gbé yàrá kan nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá. Hàfísátù ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn méjèèjì wà nílé ní Ìṣẹ́yìn. Ìparí oṣù ló máa ń lọ wò wọ́n. Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí nínú ilé náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ kọjá ẹ kú ilé àti ẹ kú iṣẹ́. Ìyá Tìmílẹ́hìn, obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, ti rò fún odindi ọdún mẹ́ta pé Sàlámì ni orúkọ rẹ̀.

Ní ọsibítù, wọ́n fi símẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi ń de eegun bo ẹsẹ̀ náà. Dókítà ní kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Hàfísátù wá, ó tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì padà torí ilé ìwé àwọn ọmọ. Ó wá ku Sàlísù nìkan pẹ̀lú àjà yàrá, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ wò rí.

Inú kòtò ni ilé náà wà, lẹ́bàá odò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sì í dé ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pe èèyàn á gun òkè lọ sí ẹnu títì, á dúró níwájú àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù. Fèrèsé Sàlísù nìkan ló kọjú sí òpó gíga tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wá. Nígbà tó ra láptọ́ọ̀pù àlòkù kan, tó fi ń wo bí wáyà ṣe rìn nínú oríṣiríṣi fíríìjì, ó ra módẹ́ẹ̀mù kékeré kan mọ́ ọn, ó so módẹ́ẹ̀mù náà mọ́ irin fèrèsé, ó sì fi wáyà gígùn fà á wá sára láptọ́ọ̀pù. Bátìrì ńlá tó ń gba iná lára oòrùn ló gbé e ró, nítorí náà kò nílò kí wọ́n mú iná wá.

Kámẹ́rà láptọ́ọ̀pù náà ti bàjẹ́ kó tó rà á. Fóònù rẹ̀ ní kámẹ́rà, ṣùgbọ́n fóònù kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí Hàfísátù ti lọ, ó ń tẹ ibi gbogbo tó ṣeé tẹ̀ lára láptọ́ọ̀pù, ó sì kan ibi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá ó fẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ mìíràn máa bá a lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí láìsí wáyà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kó fún un lórúkọ. Ó kọ SALISU FRIDGE AND AC síbẹ̀, nítorí ohun tó wà lára àpótí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó fi páásìwọ́ọ̀dù sí i, ó gbé fóònù rẹ̀, fóònù sì mú un. Ọjọ́ náà ló rí ojú Hàfísátù fún wákàtí kan gbáko.

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Tìmílẹ́hìn kan ilẹ̀kùn.

"Bọ̀dá Sàlísù, orúkọ yín ń jáde lórí fóònù mi."

"Orúkọ mi?"

"Orúkọ yín àti iṣẹ́ yín. Mo ní kí n bi yín bóyá ẹ mọ̀ sí i."

Ó ṣàlàyé fún un. Ìyá Tìmílẹ́hìn dúró títí àlàyé fi parí, ó wá ní òun fẹ́ máa gbọ́ ìwàásù ìjọ àwọn láàárín ọ̀sẹ̀. Sàlísù tẹ páásìwọ́ọ̀dù náà fún un, ó sì sọ pé kó má fún ẹlòmíràn. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, fóònù mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n di mẹ́jọ, láptọ́ọ̀pù sì kọ̀ láti gba ìkẹsàn-án. Sàlísù wá ibi tó ti lè yí i padà, kò rí i. Mẹ́jọ ni.

Dátà náà, wọ́n ń rà á yàrá sí yàrá, ọ̀sẹ̀ kan fún yàrá kan, ìyẹn kò sì dá ìjà sílẹ̀. Ohun tó kù ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà kì í kọjá ògiri mẹ́ta. Àwọn tó ń gbé lẹ́yìn ní láti gbé àga wá sẹ́nu ọ̀nà Sàlísù. Bàbá Akínọlá, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ní Àgbàdo, gbé àga tirẹ̀ síbẹ̀ láàárọ̀, kì í gbé e kúrò; bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti gbá ní ogún ọdún sẹ́yìn ló ń wò, ó sì ń bínú sí rẹfirí. Toyyibah onídìrí ń wo irun. Wọ́n ń gbé oúnjẹ wá pẹ̀lú, torí ojú ń tì wọ́n láti máa jókòó síwájú ẹni tí kò lè dáná kí wọ́n má fún un ní nǹkan kan.

Sàlísù kò mọ ohun tí èèyàn ń sọ nírú àwùjọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó mọ̀ ló ń sọ: bí èèyàn ṣe ń ṣe é tí fíríìjì fi ń pẹ́, ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n gbé e fara ti ògiri. Wọ́n ń gbọ́. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

Fúnmi wà lára àwọn mẹ́jọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga láti ọdún mẹ́ta, ó sì ń wá iṣẹ́. Ilé ìtajà bàtà kan tó ń tajà lórí ẹ̀rọ ayélujára fẹ́ gba ẹni tí yóò máa jókòó sílé dá àwọn oníbàárà lóhùn. Wọ́n ní kó yọjú sí àwọn lórí fóònù ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mọ́kànlá àárọ̀. Ó bẹ gbogbo ilé pé kí wọ́n fún òun ní wákàtí kan péré, kí òun nìkan wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà. Gbogbo wọn gbà.

"Kò tó kí wọ́n gbà," ni Bàbá Akínọlá wí. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ rélùwéè. Èèyàn á sọ pé òun ò ní gun orí ọkọ̀, á sì gùn ún. Ẹ kó fóònù wọn jọ."

Bó ṣe rí nìyẹn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn tó lọ síbi iṣẹ́ mú fóònù tiwọn lọ. Àwọn tó kù nílé pa tiwọn, wọ́n kó o sínú abọ́ ọlọ́mọrí kan, wọ́n gbé abọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Sàlísù. Fúnmi jókòó sí yàrá Toyyibah, tó fara ti ti Sàlísù, nítorí ògiri ibẹ̀ funfun. Ó wọ kóòtù lókè, ó ró ìró nísàlẹ̀.

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ nígbà tí Ìyá Tìmílẹ́hìn yọ́ wọlé.

"Ọkùnrin tó ń bi í léèrè ti gan lórí fóònù," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀."

Sàlísù wo láptọ́ọ̀pù. Ẹ̀rọ méjì ló wà lórí rẹ̀. Ọ̀kan ni ti Fúnmi. Èkejì ń jẹ́ MAMA MONI, dátà sì ń ṣàn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ bí omi. Ìyá Tìmílẹ́hìn ṣí abọ́, ó wo àwọn fóònù inú rẹ̀. Gbogbo wọn ló kú.

"Ta ló ń jẹ́ Màmá Mónì?" ni Sàlísù béèrè.

"Ìyá Monísọ́lá ni," ni Bàbá Akínọlá dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Màmá tó wà lẹ́yìn ògiri yìí. Àwọn ló nilẹ̀ àdúgbò yìí tẹ́lẹ̀."

Láptọ́ọ̀pù náà kò lè lé ẹnì kan ṣoṣo jáde. Bí Sàlísù bá yí páásìwọ́ọ̀dù padà, Fúnmi náà á já bọ́. Ẹnì kan ní láti lọ bá màmá náà. Ìyá Tìmílẹ́hìn ní kò lè jẹ́ òun, torí òun àti màmá náà ò bá ara àwọn sọ̀rọ̀ látìgbà tí ewúrẹ́ rẹ̀ ti jẹ ẹ̀fọ́ òun. Bàbá Akínọlá ní kò lè jẹ́ òun náà, torí òun ni òun jẹ́rìí ta ko ewúrẹ́ náà.

Sàlísù fa ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó tì wọ́n bọ abíyá, ó sì jáde.

Ògiri kan ló wà láàárín ilé méjèèjì, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kejì ni géètì màmá náà wà. Láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ẹsẹ̀ ti kán, Sàlísù kò rìn kọjá balùwẹ̀ rí. Ó sinmi lórí òkúta kan, ó sinmi lórí táyà kan, ó sinmi nígbà kẹta láìrí ohun tó máa jókòó lé. Nígbà tó fi máa dé ọ̀hún, ẹ̀wù rẹ̀ ti tutù mọ́ ọn lára.

Màmá náà jókòó lórí ẹní nínú pálọ̀, fóònù fara ti agolo mílíìkì níwájú rẹ̀. Ó ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún. Lójú fóònù náà, ilé ìdáná kan ló hàn, obìnrin kan kẹ̀yìn sí wọn, ó ń gé búrẹ́dì.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ má bínú, mi ò lè dọ̀bálẹ̀."

"Jókòó, jókòó. Ta ni ọ́?"

"Sàlísù ni mí, láti ilé iwájú."

Màmá wò ó dáadáa. "Ìwọ tí orúkọ ẹ ń jáde."

"Èmi ni, mà."

"Ọmọ mi nìyẹn. Kánádà ló wà. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ wọn, ó ń wá nǹkan tó máa jẹ kó tó lọ síbi iṣẹ́."

Sàlísù dúró kó gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ lójoojúmọ́? Mò ń wò ó ni."

Àwọn méjèèjì jọ wò ó. Obìnrin náà fi nǹkan pa búrẹ́dì, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í. Sàlísù mọ̀ pé àkókò ń lọ, ó mọ̀ pé ẹnu ẹnì kan ṣì là sílẹ̀ lórí fóònù Fúnmi, síbẹ̀ ó nira fún un láti sọ ohun tó bá wá. Nígbà tó yá, ó sọ ọ́: ẹnì kan ń wá iṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, kí màmá jọ̀ọ́ dá tirẹ̀ dúró fún ìdajì wákàtí.

"Ta lẹni náà?"

"Fúnmi."

"Fúnmi tó ń pọn omi ní kànga mi? Òun ló tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù yìí fún mi. Mo ní kó máa pọn omi, ó ní òun náà á ṣe mí lóore."

Màmá ní kó dá a dúró fúnra rẹ̀, torí òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Ọmọ òun ló máa ń pa á láti ọ̀hún. Sàlísù na ọwọ́ mú fóònù. Obìnrin inú rẹ̀ yíjú padà.

"Ta nìyẹn? Màmá mi dà?"

"Wọ́n wà níbí, mà. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín. Èmi ni mo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì."

"Wọ́n ti wá fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílé wa?"

"Rárá. Ó ń gba orí ògiri wọlé ni."

Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Fúnmi fún un. Monísọ́lá tẹ́tí, ó wo ọ̀pá rẹ̀, ó ní òun á pa á. Kò pa á. Ó súnmọ́ fóònù.

"Bọ̀dá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ṣé wọ́n ń jẹun?"

Sàlísù wo ẹ̀yìn. Àwo ìrẹsì kan wà lórí tábìlì, wọ́n ti jẹ ẹ́ dé àárín.

"Sọ fún un pé mò ń jẹun," ni màmá wí.

"Wọ́n ń jẹun," ni Sàlísù sọ.

Monísọ́lá mi orí, ó sì pa á.

Nígbà tí Sàlísù padà délé, Fúnmi ti parí. Ọkùnrin tó gan náà tú nígbà tó yá, ó pa ẹnu rẹ̀ dé, ó sì ń bá ìbéèrè lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Èyí tó bi í kẹ́yìn ni bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ṣeé gbára lé.

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni," ni Fúnmi sọ. "Mo ní tó bá dá iṣẹ́ sílẹ̀, ẹnì kan wà nílé wa tó máa ń dìde lọ wò ó."

"Ìwọ lo fún Màmá Mónì ní páásìwọ́ọ̀dù."

Fúnmi kúnlẹ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. "Ẹ má bínú, Bọ̀dá. Mo ti gbàgbé pátápátá ni."

"Dìde. Ìró ẹ ń tú."

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́n pè é pé ó ti rí iṣẹ́ náà. Kó tó dìgbà yẹn, ilé ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ màmá. Ó wá hàn pé ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá jáde tán ló máa ń rí àyè wọlé. Ní Sátidé tí gbogbo wọn wà nílé, kì í rí nǹkan kan, ó sì ti rò pé wọ́n máa ń ti Kánádà ní Sátidé. Bàbá Akínọlá ní àánú rẹ̀ ṣe òun, ṣùgbọ́n àyè mẹ́jọ kò lè gba ẹni mẹ́sàn-án.

"Mo ti yọ tèmi," ni Sàlísù sọ.

Láti ọjọ́ náà, Sàlísù ń pe Hàfísátù láàárọ̀ kùtùkùtù, kó tó di aago tí Monísọ́lá ń gé búrẹ́dì, á sì yọ fóònù rẹ̀ kúrò.

Nígbà tí wọ́n tú símẹ́ńtì náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó gbé e ró. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó rí wà ní Ìfọ̀, ní yàrá tútù obìnrin kan tó ń ta ẹja. Ó fi láptọ́ọ̀pù sílẹ̀ ní títàn, ó fún Fúnmi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá. Ó ń tú ìdí ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Bọ̀dá, láptọ́ọ̀pù ní òun fẹ́ pa ara òun kí òun sì tún tan ara òun. Ó ń béèrè bóyá ká gbà."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"A ò tíì sọ nǹkan kan. Gbogbo wa la wà níbí. Màmá Mónì náà wà níbí, Ìyá Tìmílẹ́hìn ló lọ mú wọn wá."

"Ibì kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sí pé tó bá yá. Tẹ ibẹ̀."

Ó gbọ́ tí Fúnmi ń sọ ọ́ fún àwọn yòókù, ó gbọ́ tí Bàbá Akínọlá ní kí wọ́n tún bi í léèrè kó dá wọn lójú. Obìnrin ẹlẹ́ja náà dúró tì í, ó ń wo àwọn ẹja rẹ̀.

"Tó bá yá," ni Sàlísù tún sọ, ó sì gbé fóònù sétí títí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́.