Ọmọ Ọlọ́mọ tí Wọ́n Pọ̀n Wá sí Ọsibítù

Yàrá tí a ti ń rí àwọn ọmọ náà wà lẹ́yìn ọsibítù ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Bàrígà, a kò sì kọ nǹkan kan sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Yàrá tí wọ́n ń kó òògùn sí ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé, tí àwọn èèyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í retí nǹkan lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n kun ògiri rẹ̀, wọ́n gbé tábìlì àti àga díẹ̀ sí i, wọ́n sì ní kí dókítà kan máa wá lọ́sẹ̀ méjì-méjì láti wo àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí ọkàn wọn kò balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí dókítà kò bá wá, nọ́ọ̀sì àgbà kan ló ń dá a ṣe. Èmi ń ràn án lọ́wọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, níbi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, mo sì ń dúró kí wọ́n pè mí fún iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ohun tí mo ń ṣe kò ju kí n pe ẹni tó kàn wọlé, kí n jókòó ti òbí tó bá ń sunkún, kí n sì pa ẹnu mi mọ́.

Nọ́ọ̀sì ló yan Ọjọ́bọ̀, nítorí ọjọ́ náà ni àwọn ìyá ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó rò pé láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò mọ ẹni tó wá sọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wò ó, mo rí i pé ó ní àléébù kan. Ẹni tó wá gba abẹ́rẹ́ máa ń gbé ọmọ ọwọ́ dání. Ìyá tó bá mú ọmọkùnrin tó ti ń hu irùngbọ̀n wá jókòó sáàárín àwọn ọmọ ọwọ́, gbogbo ojú ni yóò bá a jókòó.

Wọ́n sì nídìí tí wọ́n fi ń bẹ̀rù ojú. Kí ẹbí tó fẹ́ ìyàwó fún ọmọ wọn, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí. Wọ́n á béèrè bóyá wèrè wà nínú ìdílé náà, bóyá wárápá wà, bóyá wọ́n máa ń jalè. Ilé ìwé kò tíì pa àṣà yìí. N kò lè sọ pé ó burú pátápátá, nítorí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ pàápàá ń béèrè. Ohun tí mo rí ni pé ìyá kan lè fi ọmọ kan sílẹ̀ láìtọ́jú kí èkejì lè rọ́kọ fẹ́.

Ọmọbìnrin tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ará Ìlàjẹ ni àwọn òbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń pẹja lórí ọ̀sà, ìyá rẹ̀ ń yan ẹja, ó sì ń tà á létí omi. Ìṣòro ọmọ náà ni ọwọ́ fífọ̀. Á fọwọ́ kó tó jẹun, á fọ̀ ọ́ tó bá jẹun tán, á fọ̀ ọ́ tó bá fara kan ilẹ̀kùn tàbí tí ẹnì kan bá dì í mú, títí àárín ìka rẹ̀ fi bó tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Omi tí wọ́n rà lọ́wọ́ mẹ́rúwà fún odindi ilé, òun nìkan lè lò ó tán kí oòrùn tó yọ. Ó ti fi ilé ìwé sílẹ̀ torí kò sí omi níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ sọ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ fún un pé ó ń rùn bí ẹja, pé láti ìgbà náà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti ń ṣe òun tẹ́lẹ̀. N kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ méjèèjì. Dókítà ní àìsàn náà ní orúkọ, kì í ṣe wèrè, ó sì ní ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ìtọ́jú náà á pẹ́, kò sì gbọdọ̀ já láàárín.

Ìtọ́jú ọ̀hún yà mí lẹ́nu. Yàtọ̀ sí òògùn, nọ́ọ̀sì á fi ẹja yíyan sí i lọ́wọ́, á ní kó dì í mú, kó gbé e sílẹ̀, kó má sì fọwọ́. Wọ́n á wá jókòó, nọ́ọ̀sì á máa bi í nípa ilé àti nípa ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ̀, títí ìbẹ̀rù náà á fi ga dé góńgó, tí yóò sì rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n kàn fi omi ṣàn án, mà," ọmọ náà á ní, á máa làágùn. "Omi lásán."

"Jókòó, jàre. Ẹja tó ti kú, kí ló fẹ́ fi ẹ́ ṣe?"

Ọmọ náà ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ń ṣe irun ní àdúgbò Pedro. Ọmọkùnrin Ìjẹ̀bú kan fẹ́ fẹ́ ẹ̀gbọ́n yìí, àwọn ẹbí ọkùnrin náà sì ti ń béèrè kiri. Ohun tí ìyá wọn ṣe nìyí: aládùúgbò wọn kan bímọ tuntun, kò sì ráyè tò sórí ìlà ọsibítù. Ìyá náà ní kó máa gbé ọmọ náà fún àwọn ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n á bá a gbé e lọ gba abẹ́rẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí kò bá sí abẹ́rẹ́, wọ́n á wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n. Nítorí òun fúnra rẹ̀ kò lè fi ẹja sílẹ̀ lórí iná, ó gbé ọmọ náà pọ̀n sẹ́yìn ọmọ tirẹ̀, ó sì ní kó máa lọ.

"Nọ́ọ̀sì," ó sọ lọ́jọ́ kan tó wá, ó ń rẹ́rìn-ín, "ta ló máa wo ẹni tó pọ̀nmọ lẹ́ẹ̀mejì níbí yìí?"

Nọ́ọ̀sì kò yìn ín, kò sì bá a wí. Ó ní ohun tó bá ṣáà ti gbé ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ òun, òun gbà á. Ọmọ ọwọ́ náà a sì máa tọ̀ sí i lẹ́yìn. Àwọn kan nínú ọsibítù ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ìtọ̀ ọmọ ló ń wò ó sàn. Èmi kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí ni pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ọmọbìnrin náà sunkún, ó sì sáré lọ sídìí ẹ̀rọ omi; nígbà tó yá, ó ń fara dà á títí á fi délé.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ìlà gùn dé ẹnu géètì. Ọmọ tí ọmọbìnrin náà pọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ń mì í, kò dákẹ́.

"Fún un lọ́mú," obìnrin kan sọ. "Àbí o ò gbọ́ ni?"

Ó sorí kọ́.

"Ojú ló ń tì í," òmíràn ní. "Nígbà tó ń lóyún, ojú ò tì í."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀," ìyá àgbà kan ní. "Gbogbo wa la bẹ̀rẹ̀ ní kékeré."

"Kékeré wo, mà? Ẹ wò ó dáadáa! Ìyá kékeré, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Mẹ́rìnlá, mà."

Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí yóò ṣe dáhùn ìbéèrè yẹn, nítorí náà òótọ́ ló sọ. Mo sáré jáde, mo ní kó wọlé. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé obìnrin kan wà lórí ìlà náà tó bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ gbé ọmọ wá. Ó ń ta aṣọ ní Fádèyí, òun sì ni àbúrò bàbá ọmọkùnrin Ìjẹ̀bú tó fẹ́ fẹ́ ẹ̀gbọ́n ọmọ náà. Ó ti rí ọmọ náà rí nílé wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, ìyá nìkan ló wá, òórùn èéfín ń ti ara aṣọ rẹ̀ jáde.

"Wọ́n ti ní ọmọ mi bímọ," ó sọ fún nọ́ọ̀sì. "Bàbá rẹ̀ ní kí n gbé e lọ sílé àdúrà lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa létí òkun, títí wọ́n á fi gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níyàwó."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Mi ò mọ̀. Bóyá ọdún tó ń bọ̀."

"Ta ló máa tọ́jú ẹ̀ níbẹ̀?"

"Wọ́n á máa gbàdúrà, mà."

"Àdúrà dáa, èmi náà ń gbà á. Ẹ sì wá rò ó pé ẹni tí ọwọ́ fífọ̀ ń pa, etí òkun lẹ fẹ́ gbé e lọ?"

Ìyá náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Mo bọ́ síta kí n lè fún wọn láyè.

Obìnrin kan tó wé gèlè jókòó lórí bẹ́ńṣì níta. Kò gbé ọmọ dání.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣé, mà. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, mà."

"Ṣebí ẹ wọ funfun?"

"Bùláòsì lásán ni, mà."

"Ó yẹ yín. Ẹ dákun, ọmọbìnrin Ìlàjẹ kan tó máa ń pọ̀nmọ wá síbí, ṣé ara ọmọ rẹ̀ ti yá?"

Ìbéèrè náà gbọ́n. Bí mo bá ní ara ọmọ ti yá, mo ti gbà pé ọmọ rẹ̀ ni. Bí mo bá ní kò lọ́mọ, á bi mí pé kí ló wá ń wá síbí.

"A kì í sọ ọ̀rọ̀ ẹnì kan fún ẹlòmíì níbí, mà."

"Ẹn-ẹ́n," ó ní, ó mi orí. "Ká ní kò sí nǹkan ni, ẹ ò bá ti ní kò sí nǹkan."

Wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì pé dídákẹ́ ń dáàbò bo aláìsàn. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, dídákẹ́ mi ti di ẹ̀rí. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá ọmọ náà ṣí ilẹ̀kùn, tí àwọn méjèèjì sì rí ara wọn.

Obìnrin tó wé gèlè náà, aláṣọ Fádèyí yẹn, dìde, ó tẹ orúnkún. "Ìyá ìyàwó wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Ohun tí mo rí ni mo wá béèrè, kí n má baà purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé òótọ́ ni pé àbúrò ìyàwó wa ti bímọ?"

Ìyá náà tún ìró rẹ̀ ró. Mo lérò pé mo mọ ohun tó ń rò. Bí ó bá gbà pé ọmọ náà bímọ, ìtìjú ni, ṣùgbọ́n irú ìtìjú tí ọ̀pọ̀ ilé ti rí rí, tí kì í dí ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ láti lọ sílé ọkọ. Àìsàn orí ni wọ́n gbà pé ó máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Irọ́ náà ti wà nílẹ̀, kò ní láti ṣe ju kó dákẹ́, kó sì gbé ọmọ lọ sétí òkun.

"Ọmọ yẹn kì í ṣe tiẹ̀," ó ní.

"Ta ló ni ín?"

"Aládùúgbò wa."

"Kí ló dé tó ń pọ̀n ọ́n wá síbí?"

"Torí yín ni."

"Torí tiwa kẹ̀?"

"Kí ẹ má baà béèrè ohun tí ẹ ń béèrè yìí. Dókítà ọpọlọ ló ń wá rí. Ọmọ ni mo fi bo ọmọ."

Gbogbo bẹ́ńṣì yíjú sí wọn. Obìnrin kan tó ń fọ́mọ lọ́mú gbé ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ó lè gbọ́ dáadáa.

"Ṣé ó ń faṣọ ya ni?" obìnrin aláṣọ béèrè, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Kì í faṣọ ya. Ọwọ́ ló ń fọ̀. Á fọ̀ ọ́ títí á fi bó."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan lẹ pè é? Ẹ wá máa bá wa ra omi, kẹ́ ẹ tó mọ̀ bóyá ìyẹn nìkan ni."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ńṣì. Obìnrin aláṣọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì pa á mọ́ra.

"Màá jíṣẹ́ bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́," ó ní. "Mi ò ní fi kún un, mi ò sì ní yọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni bàbá ọkọ."

"Mo mọ̀, mà."

Nígbà tó lọ tán, nọ́ọ̀sì bi ìyá náà pé etí òkun ńkọ́.

"Kí ni mo tún ń gbé e lọ fún? Gbogbo ìlà ti gbọ́. Bàbá rẹ̀ á bínú, tó bá bínú tán, á lọ pẹja."

Wọ́n pè mí fún àgùnbánirọ̀ kí àwọn ará Ìjẹ̀bú náà tó fèsì. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan pé wọ́n ṣe ìgbéyàwó, mo sì gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì pé wọn kò ṣe é. N kò rí ẹ̀rí fún ọ̀kankan. Ohun tí mo fojú rí ni Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé ọjọ́ náà. Ọmọ náà wá, kò pọ̀n ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé níyàwó ló mú un wá, ó sì jókòó sáàárín àwọn abiyamọ.

"Ṣé ìwọ lo wá rí dókítà?" obìnrin kan bi í.

"Àbúrò mi ni, mà."

"Ṣé ìwọ kọ́ ni wọ́n ní ó ń lọ sílé ọkọ? Ṣé o ò bẹ̀rù kí wọ́n rí ẹ níbí ni?"

"Tí wọ́n bá fẹ́ wá, wọ́n mọ ilé wa, mà."

Obìnrin náà wò ó díẹ̀, lẹ́yìn náà ó sún, ó ní kí àwọn yòókù sún pẹ̀lú kí àbúrò náà lè ríbi jókòó.