Àalè Ìjádé ní Etí Àbàtà

Láti ìgbà tí wọ́n ti fi iyanrìn dí àbàtà inú ọgbà ìgbafẹ́ Ifangni ni àgbàrá ti ń wọ ilé àwọn ará àdúgbò. Nígbà tí omi gbé àga mẹ́ta jáde nílé olórí àdúgbò fúnra rẹ̀, mairie, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, kó iyanrìn náà kúrò. Omi padà sí ipò rẹ̀. Wọ́n gbin ògùrọ̀ sínú ẹrẹ̀, wọ́n gbin ewé eéran yí etí rẹ̀ ká, wọ́n sì fi Ìjádé, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ṣọ́ ọ. Augustin, òṣìṣẹ́ mairie, kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: "Bàbá, tí ewé yìí kò bá bo etí omi kí òjò tó dá, a ó wá ẹlòmíràn."

Ewé eéran ni àwọn elẹ́kọ fi ń pọ́n ẹ̀kọ. Kò tíì ga dé orúnkún tí ọ̀bẹ fi wọ̀ ọ́. Mairie ri pátákó, wọ́n kọ ọ́ ní Faransé pé èèwọ̀ ni gígé. Àwọn tó lè kà á kì í gé ewé. Àwọn tó ń gé ewé kò wo pátákó. Ni Ìjádé bá ṣe bí bàbá rẹ̀ ti máa ń ṣe lóko ní Banigbé: ó fi àalè sí i. Ó fa bàtà kan tó ti já jáde lábẹ́ ibùsùn, ó fi òòyà tó ti kán àti ṣùkù àgbàdo kún un, ó so wọ́n mọ́ ọ̀pá, ó rì í sétí omi. Ẹni tó bá rí i mọ̀ pé ohun ibẹ̀ ní ẹni tó ni ín, àti pé olè tó bá fọwọ́ kàn án á gbó bíi bàtà yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, gígé dáwọ́ dúró. Ìjádé ń rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Àmọ́ kò pẹ́ tó fi rí i pé ẹnì kan ń gé ewé nídìí àalè gan-an, létòlétò, bí ẹni tó ń kórè oko rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù kí Augustin wá yẹ etí omi wò. Ìjádé lúgọ sẹ́yìn igi láàárọ̀. Ẹni tó gbé agbọ̀n dé ni Scholastique, ìyàwó rẹ̀, tó ń ta ẹ̀kọ níbùdó àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémìjàn.

"Ìyá Flore, o ò rí àalè ni?"

"Mo rí i. Mo tiẹ̀ kí i."

"O wá ń gé ewé?"

"Bàbá Flore, bàtà ta nìyẹn? Òòyà ta ni? Tèmi lẹ so síbẹ̀. Mo ní ọkọ mi gbọ́n, ó ti sàmì sí ibi tèmi kí àwọn elẹ́kọ yòókù má bàa débẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣàdúrà fún yín."

Ìjádé rántí ẹ̀kọ tó ń jẹ láràárọ̀. "Ewé wo lo fi ń pọ́n tèmi?"

"Èyí tó tutù jù níbí."

Ìjádé jókòó, ó ròyìn ohun tí Augustin sọ. Scholastique wo ibi tó ti gé.

"Ṣé wọ́n á lé yín lóòótọ́?"

"Wọ́n á lé mi."

Lọ́jọ́ kejì, Scholastique gun zémìjàn lọ sóko ìyá rẹ̀ ní Tchaada, ó sì kó àpò méjì ewé eéran tòun ti gbòǹgbò bọ̀, ọlọ́kadà ń ráhùn ẹrẹ̀ títí wọ́n fi délé. Tọkọtaya gbìn ín di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Augustin dé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. "Bon, ó dáa. Ta ló gé ibí?"

Kí Ìjádé tó rí irọ́ tó dáa pa, Scholastique ti dáhùn: "Èmi ni. Ẹ wá wo èyí tí mo fi dípò rẹ̀."

Augustin yí etí omi ká, ó wò ó, kò ríbi tó ṣófo. Ó ní kí Ìjádé máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìjádé sún síwájú láti dúpẹ́, ìyàwó rẹ̀ fà á láṣọ.

"Bàbá Flore, ẹ rọra. Ẹ ń tẹ ewé mi mọ́lẹ̀."