Àwọ̀ Ìyá Rẹ̀

Òórùn ògì kíkan ló máa ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Koumassi Remblais, ní Abidjan, lọ́dún tí ìyàwó mi kú. Bí mo bá ti ìsọ̀ abọ́ mi ní Treichville dé, n óò bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí àpótí, tí ó ń sẹ́ ògì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń sẹ́ ẹ, títí kò fi ní ku èèrí kankan nínú rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá bá mi tọ́jú àbíkẹ́yìn mi, ọmọbìnrin tí kò tíì pé oṣù márùn-ún nígbà tí ìyá rẹ̀ fi wá sílẹ̀. Ògì láàárọ̀, ògì lọ́sàn-án, ògì lálẹ́, pẹ̀lú ṣúgà àti mílíìkì díẹ̀. Bí mo bá ń jẹun, ọmọ náà a máa nawọ́ sí ẹja inú àwo mi. Ẹ̀gbọ́n mi a rọra gbá a lọ́wọ́.

“Ọmọ tó bá tètè mọ adùn ẹran, olè ni yóò yà.”

Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn, n kò jiyàn. Omi ọbẹ̀ nìkan ni mo máa ń fi ìka kàn án lẹ́nu.

Ìyàwó mi pupa, èmi sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Èmi ni ọmọ náà kọ́kọ́ jọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń sún mọ́ oṣù mẹ́sàn-án, a rí i pé ó ń pọ́n bọ̀. Àwọn obìnrin àgbàlá wa ń yọ̀ mọ́ mi. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Bàbá, àwọ̀ ìyá ẹ̀ ló ń yọ yẹn o! Ẹ yáa tún ẹnu ọ̀nà yín ṣe, àwọn ọkọ ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi.” Mo rẹ́rìn-ín. N kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ọmọ náà kò rá mọ́, kò pariwo, a ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ó ń yàgbẹ́ gbuuru léraléra, a ní eyín ló ń hù.

Mo gbé e lọ sí ibùdó ìlera láti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára oṣù mẹ́sàn-án. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Abidjan. Ó mú ọwọ́ ọmọ náà, ó yí i sókè.

“Tonton,” bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ọkùnrin níbẹ̀, “ẹ gbé ọwọ́ yín wá.”

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà lé tèmi. Tirẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ tútù.

Mo ní, “Ìyá ẹ̀ ló jọ. Ìyá ẹ̀ pupa.”

Kò rẹ́rìn-ín. “Non, Tonton. Èyí kì í ṣe àwọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni ò sí.”

Ó fi abẹ́rẹ́ gún un níka láti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ọmọ náà wo abẹ́rẹ́ yẹn, kò sunkún.

“Kí ló ń jẹ?”

“Ògì.”

“Ògì pẹ̀lú kí ni?”

“Ògì náà ni.”

“Ẹ kì í jẹ ẹran nílé ni?”

“Èmi máa ń jẹ ẹ́.”

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó ṣàlàyé pé èròjà oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní irin, tí ọmọ ń gbé wá láti inú ìyá, kì í pẹ́ ju oṣù mẹ́fà lọ, àti pé irin yìí àti òmíràn tí wọ́n ń pè ní síńkì ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ àti ara ọmọ dá ṣáṣá. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó wà nínú àgbàdo, a ti dà á nù mọ́ èèrí. Ó fún mi ní oògùn olómi, ó ní kí a máa gún ẹ̀dọ̀ adìẹ, ẹja àti ẹ̀wà kúnná fún un, kí a sì máa fún un ní omi ọsàn tẹ̀ lé e.

“Ẹ padà wá níjọ́ kẹjọ. Tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá gòkè, ọ̀pítà ńlá ni, wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Tó bá ń mí lókèlókè ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ má dúró.”

Nígbà tí mo délé, ẹ̀gbọ́n mi figbe ta. “Ẹ̀dọ̀? Ọmọ tí kò léyín! Ṣé o fẹ́ kó ya olè ni?”

Mo ní, “Ẹ jẹ́ kó ya olè, kó ṣáà wà láàyè.”

N kò gbó o lẹ́nu rí láyé mi. Ó lọ gbé odó.

Ṣé o mọ bí ọjọ́ mẹ́jọ ṣe ń gùn tó? N kò ṣí ìsọ̀. Mo ń ka mímí rẹ̀, bó bá sùn, mo ń fọwọ́ kàn án kó lè mira. Mo ti sin ẹnì kan lọ́dún yẹn, mo sì mọ ọ̀nà itẹ́ òkú. Lọ́jọ́ kẹjọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti gòkè díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ká máa bá a lọ. Lóṣù kejì, ó ń ké débi pé àwọn obìnrin àgbàlá ń bẹ̀ mí kí n rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń padà bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni pupa yẹn ń lọ. Mi ò lè parọ́ fún ọ, ó dùn mí. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo wo ojú rẹ̀, tí n kò rí ìyá rẹ̀ níbẹ̀ mọ́, àfi èmi, dúdú, tí ó ń dán. Ìgbà náà ló yé mi pé òkú ni mo ń wá lójú ọmọ náà ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i.